Pákó Abẹ́ Fèrèsé Ìyá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lóde òní, ẹ ò mọ ohun tí ojú wa rí. Ẹ ó kàn sọ fún káfíńtà pé fèrèsé lẹ fẹ́, yóò gbé e dé pẹ̀lú gíláàsì, pẹ̀lú ìkọ́, pẹ̀lú pákó abẹ́ rẹ̀ tó ń dán, ẹ ó sì wọlé lọ jẹun. Èmi jìyà lórí pákó kan ṣoṣo. Kì í ṣe òrùlé ni mò ń sọ o, kì í ṣe àjà. Pákó tí èèyàn lè fi sábíyá rìn láti Ìfọ̀ dé Pápálantó ni. Pákó tí a ń tẹ́ síwájú fèrèsé láti inú yàrá, kí ògiri má baà máa bọ́ sílẹ̀. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ tí káfíńtà kan sọ pé òun ń bọ̀ lọ́la, ara mi á gbóná.

Ìyá mi ló fà á, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Mowé ló ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún un. Ẹ má wo Mowé tòní. Nígbà náà, tí òyìnbó ṣì jẹ́ ọ̀gá wa lẹ́nu iṣẹ́, oko ni Mowé, ilé ibẹ̀ kò pọ̀, igbó ló yí i ká. Ìyá mi máa ń ru iyọ̀, àlùbọ́sà àti ẹja gbígbẹ láti ibẹ̀ lọ sí Ìbàfò, á tà á tán, á tún ru gàrí bọ̀. Èmi nìkan ni ọmọ tó kù fún un. Èmi sì rèé ní Ìfọ̀, mò ń ṣiṣẹ́ lójú irin rélùweè, èmi àti ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa kéékèèké.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi yọ̀ ṣubú lẹ́yìn ilé rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ yẹ̀. Ó ké títí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ibẹ̀ náà ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, kí adẹ́mu kan tó ń kọjá lọ sídìí ọ̀pẹ rẹ̀ tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. A fi kẹ̀kẹ́ gbé e dé Ọ̀fàdà, a fi mọ́tò gbé e dé Ìfọ̀. Oníṣègùn egungun tọ́jú rẹ̀ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó dìde, ó ń fi ọ̀pá rìn nínú yàrá, ṣùgbọ́n ọjà rírù ti tán.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá mi wá sọ. Ó pè mí jókòó, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, mo dúpẹ́. Ìwọ àti ìyàwó rẹ tọ́jú mi, ẹ ò ní ráre. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá ti lọ, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, kí o dá mi padà sílé mi."

Mo ní, "Ìyá, ta lẹ fẹ́ bá gbé níbẹ̀?"

Ó ní, "Ilé mi ni mo fẹ́ bá gbé. Ẹni tí ò tà, tí ò rà, tó kàn ń jẹ, tó ń sùn, ṣé ẹran ọ̀sìn ni mí?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ìyá mi ní oúnjẹ rẹ̀ dùn, àmọ́ oúnjẹ tí òun kò mọ bí ó ṣe dé inú abọ́ kì í gba ọ̀fun òun lọ. Obìnrin tó bá ti tajà láti kékeré, tó bá ti sọ báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo mọ̀ dájú pé tí ìyá mi bá padà sí Mowé, yóò ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, adẹ́mu sì lè má kọjá lọ́jọ́ náà. Oorun dá lójú mi. N kò sọ fún un o, mo kàn ń bínú kiri inú ilé, mo ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ.

Ni mo bá rántí ohun kan tí mo rí ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta l'Ékòó nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Obìnrin kan ń tajà lójú fèrèsé ilé rẹ̀. Kò kiri, kò pàtẹ síta, inú yàrá rẹ̀ ló jókòó sí, àwọn oníbàárà ń na ọwọ́ wọlé, òun náà ń na ọwọ́ jáde. Mo ní, kí ló dé tí mo ń pa ara mi? Yàrá tí ìyá mi ń sùn sí kọjú sí ọ̀nà tó lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Àràárọ̀ ni èrò ń gba ibẹ̀ kọjá. Kìkì pé ihò tí wọ́n pè ní fèrèsé níbẹ̀ kéré, ológbò nìkan ló lè gbà á. Mo ní a ó wó o fẹ̀, a ó fi fèrèsé gidi sí i, onígíláàsì tó ṣeé ṣí.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ojú rẹ̀ yípadà. Ó bi mí pé, "Iyọ̀ ńkọ́? Ṣé mo lè ta iyọ̀?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ ta ohun tó bá wù yín."

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Ó ní tí òun bá rí nǹkan tà ní Ìfọ̀, òun ó wò ó.

Káfíńtà tó ṣe fèrèsé náà ni bàbá ìyàwó mi. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ mọ́ àgbàlagbà. Fèrèsé yẹn dára. Bàbá kọ́ férémù rẹ̀, ó fi gíláàsì sí i, ó rẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì kí wọ́n lè pàdé, àwọn tó ń kọjá lọ ń dúró wò ó. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ òde ló gbé férémù sí, kí àwọn ènìyàn lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ògiri amọ̀ àtijọ́ sì ni ògiri wa, ó nípọn tó apá èèyàn láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka. Torí náà, láti inú yàrá, amọ̀ lásán ló tẹ́ rẹrẹ síwájú gíláàsì, tó rí gbágungbàgun, tó ń bọ́ wúruwùru. Ìyá mi gbé àwo iyọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kó tó di ọ̀sán, iyọ̀ ti pọ́n. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù.

Ó ní, "Ṣé iyọ̀ oníyẹ̀pẹ̀ ni kí n máa tà fún ọmọ ọlọ́mọ?" Ó gbé àwo náà sílẹ̀, ó padà sórí ibùsùn rẹ̀, ó dojú kọ ògiri.

Kí ni èyí ń fẹ́ báyìí? Pákó kan ṣoṣo! Kí a tẹ́ pákó lórí amọ̀ náà, kí ó dúró gbọin, ó tán. Èmi rò pé iṣẹ́ àárọ̀ kan ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ àna. Ẹni tó bá gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, o lè dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí o pariwo. Ẹni tó ní kí ni òun ó gbà lọ́wọ́ ọmọ òun, kí lo fẹ́ bá a sọ? Ó ti fún ọ ní ọmọ rẹ̀, o tún ń bi í léèrè pákó. Bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọdọ̀ gbé iṣẹ́ náà fún káfíńtà mìíràn. Tí mo bá dán an wò, kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo Ìfọ̀ á ti gbọ́ pé mo fi ọwọ́ gbá iṣẹ́ àna mi dànù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n, wọ́n ṣáà wí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, tí mo bá ti tibi iṣẹ́ dé, ọ̀nà ilé àna mi ni mò ń gbà lọ. Màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ìyẹ̀fun pákó. Bàbá á máa fi randa fá ara igi kó lè dán, á ní, "Ọmọ mi, ẹ káàbọ̀. Àwọn ará ilé ńkọ́? Àna mi ńkọ́? Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?" Màá máa dáhùn láti orí ilẹ̀, nítorí kò tíì ní kí n dìde. Nígbà tí mo bá wá dìde tán, tí mo gbọn aṣọ, màá rọra fi ọ̀rọ̀ pákó sí i, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni.

"Pákó?" ni Bàbá á wí. "Háà, ìyẹn ò le. Inṣa Allahu, lọ́la."

Ọ̀la! Ọ̀la bàbá àna mi kì í ṣe ọ̀la tèmi tìrẹ. Ọ̀la wá, ó lọ. Jímọ́ọ̀ wá, ó lọ. Bàbá ń kan ibùsùn fún ẹni tó fẹ́ gbéyàwó, ó ń kan àga fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń lọ sí ìsìnkú, ó ń lọ sí ìkómọ. Màá délé, màá bá ìyá mi lórí ibùsùn, tó dojú kọ ògiri. Kò ní bi mí ní nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Nígbà tí Bàbá wá dé, ó dé tayọ̀tayọ̀. Ó wọ yàrá, ìyá mi kí i, òun náà kí ìyá mi, àna kí àna, ìkíni yẹn nìkan tó iṣẹ́ òòjọ́. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ rẹ̀ sí ìdí gíláàsì, ó fi ìgbọ̀nwọ́ wọ̀n ọ́n. Ìgbọ̀nwọ́ kan, àti ìka mélòó kan. Ó ní ó ti yé òun.

Mo rí ohun tó ṣe, ara mi kò lélẹ̀. Àwọn tó ń mọ ògiri amọ̀ mọ̀ pé fèrèsé ibẹ̀ kì í dọ́gba. Ó máa ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń bọ̀ nínú yàrá, kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn káàkiri. Ìdí gíláàsì nìkan ni Bàbá sì wọ̀n. Mo la ẹnu báyìí, ìyàwó mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wò mí lójú. Mo pa ẹnu dé.

Bàbá gbé pákó dé, ó tì í wọlé. Ó bá ìdí gíláàsì mu rẹ́gí. Àmọ́ níhà tiwa nínú yàrá, àlàfo wà lápá ọ̀tún, àlàfo wà lápá òsì, eku lè gba ibẹ̀ lọ sọ́jà kó sì gba ibẹ̀ bọ̀. Bàbá wò ó, ó ní, "Ẹ po amọ̀ díẹ̀ dí i."

Amọ̀! Amọ̀ tí a ń sá fún!

Ìyá mi ní, "Àna, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọwọ́ yín kò ní rọ. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa." Bàbá yọ̀, ó gba omi mu, ó lọ. Bí ìró bàtà rẹ̀ ṣe pa rẹ́ lójúde báyìí ni ìyá mi yíjú sí mi.

Ó ní, "Irú pákó wo ni èyí?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúpẹ́!"

"Ṣé èmi ló yẹ kí n máa bá àna mi jiyàn nítorí pákó? Ìwọ tí o jẹ́ ọkùnrin, o ò lẹ́nu?"

Mo kọjú sí ìyàwó mi. Ó ní bàbá òun ni, kí ni mo fẹ́ kí òun wí? Mo jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé, mo ń bá igi ìbẹ́pẹ sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí n kò lè sọ fún bàbá ìyàwó mi ni mo sọ fún igi ìbẹ́pẹ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gé okùn, mo fi wọn ẹnu fèrèsé náà láti inú yàrá, mo so kókó sí i, mo gbé e lọ fún Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mo kàn ní kí n fi okùn ran yín lọ́wọ́."

Bàbá gba okùn, ó yí i wò bí ẹni tó rí ejò kékeré. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé mo ti wá sójú irin rí láti kọ́ yín bí ẹ ó ṣe fún ìdè irin pa?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ náà kò dé inú rárá. Ṣùgbọ́n ó fi okùn náà kọ́ ìṣó lára ògiri, mo sì rí i pé ó lò ó, nítorí pé pákó kejì tó gbé wá gùn dáadáa.

Pákó kejì! Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Àwọn tó ń la gẹdú ṣẹ̀ṣẹ̀ la igi náà ni. Nígbà tí Bàbá kan ìṣó mọ́ ọn, omi yọ nídìí ìṣó. Mo fi ojú ara mi rí i. Mo ní, "Bàbá, ó dà bíi pé pákó yìí tutù díẹ̀." Ó ní ara ògiri níbẹ̀ ni yóò ti gbẹ. Ó tún kọlu ìṣó, amọ̀ wó lulẹ̀ gbì, ó bo ẹsẹ̀ ìyá mi. Amọ̀ kò mọ bí a ṣe ń di ìṣó mú, ẹ mọ̀. Bàbá gbẹ́ èèkàn igi, ó gbá wọn wọ inú ògiri, ó wá kan pákó mọ́ èèkàn. Eruku kún yàrá, a ń wúkọ́. Nígbà tó ṣe tán, kí n sọ òtítọ́, ó lẹ́wà. Ó tẹ́jú, ó bo amọ̀ pátápátá. Ìyá mi fi ọwọ́ pa á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí a gbé iyọ̀ òun wá, kí a gbé àlùbọ́sà, kí a gbé ìṣáná àti ọṣẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ tajà, n kò tètè lọ síbi iṣẹ́. Mo fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láti wò ó. Ọmọbìnrin kan ń bọ̀ láti ọ̀nà ibùdó ọkọ̀, ìyá mi ṣí fèrèsé, ó kí i, ó ní kí ó wá ra iyọ̀. Ọmọbìnrin náà yà, ó kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà. Ìyá mi wọn iyọ̀, ó na ọwọ́ jáde pẹ̀lú rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà fà sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè gba nǹkan lọ́wọ́ yín lójú fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí n wọlé wá."

Ló bá yí ilé po, ó gba ojúlé wọlé, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé yàrá, ó tún kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba iyọ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tó fẹ́ ra ìṣáná, tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń fọn fèrè, sáré yí ilé po, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ra ìṣáná, ó sáré jáde. Kò sẹ́ni tó gba nǹkan kan lójú fèrèsé náà. Kò sí!

Mo wọlé lọ bá ìyàwó mi ní ilé ìdáná. Mo ní, "Ta wá ni mo wó ògiri fún? Ta ni mo ń sùn sílẹ̀ nílé bàbá rẹ fún lójoojúmọ́? Wọ́n ń wo ọjà lójú fèrèsé, wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé!"

Ó ń fẹ́ iná lọ, kò wò mí. Ó ní, "Ṣé wọn ò sọ fún yín ní kékeré pé a kì í gba nǹkan lójú fèrèsé ni? Ká má tiẹ̀ tíì sọ pé ọwọ́ àgbàlagbà."

Mo ní, "Ní Èkó ńkọ́?"

Ìyá mi ti gbọ́ mi láti yàrá. Ó lọ́gun, ó ní, "Èkó ti bà ọ́ jẹ́! Àwọn ọmọ Ìfọ̀ lẹ́kọ̀ọ́ nílé!"

Mo kọrí sójú irin, mo fi ìbínú fún ìdè irin pa lọ́jọ́ náà débi pé ẹnì kejì mi ní kí n rọra.

Láti ìgbà náà lọ, èrò kì í wọ́n ní yàrá ìyá mi. Ẹni tó bá wọlé ra iyọ̀ kì í tètè jáde. Yóò jókòó lórí ẹní, yóò ro ẹjọ́ ọkọ rẹ̀, yóò béèrè oògùn ikọ́ ọmọ. Mo bá obìnrin kan níbẹ̀ tó ń sunkún, ìyá mi di orí rẹ̀ mú. Mo bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ oúnjẹ mi. Ilé kò rọgbọ fún mi mọ́. Èmi tí mo fẹ́ kí ìyá mi rí nǹkan ṣe, n kò mọ̀ pé gbogbo Ìfọ̀ ni yóò bá mi gbélé.

Ọyẹ́ wá dé sí pákó yẹn lára.

Ó kọ́kọ́ ké. A ó wà nídìí oúnjẹ, a ó gbọ́ kọ́ọ̀! Ìyàwó mi á ní kí ni ìyẹn? Pákó ni. Lẹ́yìn náà ni etí rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra sókè. Ó fa èèkàn jáde nínú amọ̀, ó fa ìṣó jáde nínú èèkàn, ó lọ́ títí àárín rẹ̀ fi tẹ̀. Tí ìyá mi bá to àlùbọ́sà sí i, wọn á yí, wọn á já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á sá lọ sábẹ́ ibùsùn. Àwo iyọ̀ já, ó fọ́. Ìyá mi tí kò lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa á máa fi ọ̀pá wá àlùbọ́sà kiri abẹ́ ibùsùn. Mo bá a bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó dì mọ́ ògiri, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀rù bà mí. Bí ó bá tún ṣubú ńkọ́?

Mo lọ bá Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, pákó náà ti lọ́."

Bàbá ní, "Ọyẹ́ ni. Tí òjò bá rọ̀, á padà sí bó ṣe wà."

Ẹ gbà mí o! Òjò kẹ̀? Òjò tí mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má tètè rọ̀, nítorí ìyá mi ti ní tí òjò bá rọ̀ òun ń lọ! Láti ọjọ́ tí ọjà ti bẹ̀rẹ̀, kò mẹ́nu ba Mowé mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun ò lọ mọ́. Èmi náà kò gbójúgbóyà bi í. Báyìí tí àlùbọ́sà ń já, tí àwo ń fọ́, tí ó ń bá pákó jà láti òwúrọ̀, mo mọ ohun tí yóò sọ.

Òjò rọ̀. Àkọ́rọ̀ ni, ó rọ̀ tìjàtìjà, ó wẹ gbogbo eruku kúrò lórí ewé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ yàrá ìyá mi láti wo pákó. Kò padà síbì kankan. Ó tiẹ̀ tún lọ́ sí i. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: mo lọ gbé irin ìtúṣòó, mo kì í bọ abẹ́ pákó, mo ń fà á, amọ̀ ń wó, mo ń pariwo. Mo ní màá fi dáná! Mo ní kí bàbá ìyàwó mi wá gba ọmọ rẹ̀ tó bá wù ú! Mo ní ó tó gẹ́ẹ́!

Ìyá mi jókòó sétí ibùsùn, ó ń wò mí. Nígbà tí èémí mi tán, ó ní, "Ṣé o ti ṣe tán?"

Mo nu òógùn ojú mi.

Ó ní, "Òjò ti rọ̀. O ní láti lọ sí Mowé."

Mo gbé irin sílẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Màá wá pákó tó gbẹ. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i."

Ó ní, "Níbo lo ti fẹ́ rí èyí tó gbẹ? Lọ tú ilẹ̀kùn ilé mi wá."

Kò yé mi. Mo ní, "Ilẹ̀kùn wo?"

"Ilẹ̀kùn ojúlé. Ojúlówó ìrókò ni. Bàbá rẹ fi síbẹ̀ kí n tó bí ọ, ikán ò sún mọ́ ọn rí. Ọyẹ́ wo ló kù tó lè lọ́ ìrókò yẹn?"

Ẹ wo èmi tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run láti ọjọ́ yìí wá pé kó má lọ. Èmi náà ni mo wá ń bá a jiyàn. Mo ní, "Ìyá, ilé tí kò nílẹ̀kùn, ilé wo nìyẹn? Ewúrẹ́ á wọ̀ ọ́. Òjò á wọ̀ ọ́."

Ó gbé ojú kúrò lára mi. Ó ní, "Mo ní kí o tú ilẹ̀kùn wá, o ń ka ewúrẹ́ fún mi. Orí kí ni kí n gbé iyọ̀ mi lé, orí rẹ?"

Mo lọ sí Mowé. Ilẹ̀kùn náà wúwo, ìdè rẹ̀ ti dípẹtà, mo kàn án títí ọwọ́ mi fi bó. Bàbá àgbàlagbà tó ń gbé ilé kejì jáde wá, ó dúró tì mí, ó ń wò mí. Ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mo ní ìyá mi ló rán mi. Ó ní, "Tí ìyá rẹ bá wá dé ńkọ́? Kí ni wọ́n ó máa tì?"

Mo ń gbá irin lọ, n kò gbé orí sókè. Ó wọlé, ó mú okùn jáde, ó bá mi di ilẹ̀kùn náà mọ́ kẹ̀kẹ́. Ó ní kí n bá òun kí wọn. Mo wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, mo rí inú ilé wa gbangba láti ojú ọ̀nà, títí dé ibi tí bàbá mi máa ń jókòó sí. Mo sunkún láti ibẹ̀ dé Ọ̀fàdà. N kò mọ èyí tí mo ń sun nínú rẹ̀, ayọ̀ ni àbí ọ̀fọ̀.

Bàbá ìyàwó mi dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò tiẹ̀ tíì lọ dọ̀bálẹ̀. Ìyá mi ló ránṣẹ́ sí i. Ó bá ilẹ̀kùn náà lórí ilẹ̀ yàrá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó fi ìka kàn án, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó gbé ayùn lé e, ó tún gbé e kúrò. Ó yíjú sí ìyá mi.

Ó ní, "Àna, ilẹ̀kùn ojúlé nìyí o. Tí mo bá ti fi ayùn sí i, kò ní ṣeé dá padà mọ́."

Ìyá mi ní, "Ẹ gé e, àna. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú ni ọmọ yìí kò ti sùn."

Bàbá ṣe Bisimilahi, ó gé e.